Ọwọ́ Karùn-ún

Àwa márùn-ún la jókòó lórí ilé búrẹ́dì ní Lota,
níbi tí òórùn ìyẹ̀fun ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí àlejò aláìlójútì.
Òjò ń rọ̀. Òkun ń bú lẹ́yìn ògiri.
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀:
ká ra Bairon, tàbí ká má rà á.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún,
góòlù mọ́kànlélógún láàárín oṣù mẹ́jọ.
Mílíọ̀nù mẹ́jọ pésò ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lebu ń béèrè.
Ormeño akápò bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní:
"Iye tí a ó fi kan òrùlé tí ìjì ṣí lórí àwọn òǹwòran náà nìyẹn.
Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra góòlù,
ṣé góòlù lẹ ó máa fi bo orí ni?"

Rosalba alága ò rẹ́rìn-ín.
Ó ní ẹgbẹ́ tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù wọlé
kò ní òǹwòran tí òjò yóò pa.

Èmi ni wọ́n rán lọ wò ó.
Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo lọ dúró létí pápá ẹlẹ́rẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bọ́ọ̀lù bá a níwájú àwọ̀n,
ẹ̀ẹ̀mẹta ló ta á sókè réré,
ọ̀kan tilẹ̀ lọ bọ́ sáàárín àgùntàn onílẹ̀.
Mo ti ń ká ìwé mi.
Ìgbà náà ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù gíga kan wá látẹ̀yìn,
atẹ́gùn gbé e yà sọ́tùn-ún, gbogbo ẹsẹ̀ sá tẹ̀lé e,
ọmọ yìí nìkan ló dúró.
Ó dúró síbi tí bọ́ọ̀lù kò tíì sí,
bí ẹni tó bá atẹ́gùn dá àdéhùn.
Bọ́ọ̀lù padà wá bá a. Ẹsẹ̀ òsì. Ó wọlé.
Kò fò, kò pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ìbọ̀sẹ̀ sókè,
mo wá rí i pé bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá.

Ìyẹn ni mo rò fún wọn.
Ohun tí n kò rò ni ti Ulises.
Ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, nínú yàrá yìí,
èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́ pé ká rà á.
Orúnkún rẹ̀ fọ́ kó tó pé oṣù mẹ́ta.
A fi káàdì ránṣẹ́ sí i nílé ìwòsàn, gbogbo wa buwọ́ lù ú,
a sì ra ẹlòmíràn.
Ó ń ta ìṣáwùrú òkun ní èbúté báyìí, ó ń tiro,
kò sì gbowó lọ́wọ́ mi rí.
"Ẹ máa gbé e lọ, Don Eleuterio."
Ẹ̀bùn tó ń ta ni bí oyin.

Ẹ má bi mí bóyá ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù gbá.
Ó mọ̀ ọ́n gbá.
Ẹ bi mí bóyá àwa mọ ọmọ ọlọ́mọ tọ́jú.
Ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un lóru ọjọ́ tí góòlù bá kọ̀ tí kò wọlé?
Ìyá rẹ̀ ń la ẹja lọ́wọ́ nígbà tí mo kí i,
ìbéèrè kan ló bi mí: "Ṣé otútù ń mú lọ́hùn-ún?"
Mo ní rárá.
Irọ́ ni mo pa.

Alága ní ká dìbò.
Àwọn méjì nawọ́, àwọn méjì káwọ́ mọ́ àyà,
ojú mẹ́jọ wá dúró lára mi.
Mo fẹ́ wí pé ẹ jẹ́ kó di ọ̀la,
àmọ́ èédú tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélógún gbẹ́ lábẹ́ òkun
kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ láìgba owó ibodè.
Ikọ́ gbé mi.
Ọwọ́ mi gòkè, ó ń wá ẹnu mi bò.

"Mẹ́ta," ni Rosalba wí. Ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ikọ́ dáwọ́ dúró.
Ormeño ń wò mí, ó ń dúró de kí n sọ̀rọ̀.
Ọwọ́ náà ṣì wà lókè,
n kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.