Oko Inú Ẹyinjú

Èèpo ìrẹsì kan péré ni,
kò tó ìdajì èékánná ọmọ ọwọ́.
Ponnuthayi ń pakà lẹ́bàá odò Tamirabarani,
afẹ́fẹ́ yí, èèpo wọ̀ ọ́ lójú.
Ó fi etí sáàrì nù ún. Ó ń bá iṣẹ́ lọ.
Aládùúgbò kan fún omi ọmú sí i,
ẹlòmíì ní omi ewé ló dára jù.
Ọjọ́ kẹsàn-án ló tó wọ bọ́ọ̀sì wá bá wa,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì
bí ẹni tí ń gba fìtílà lọ́wọ́ ìjì.

Dókítà Esakkiraj kán oògùn tí ń pa ìrora,
ó ní, "Ìyá, ẹ má ṣẹ́jú,"
ó fi abẹ bíńtín ha ibi funfun náà
bí a ti ń ha ìdí ìkòkò tó jóná,
àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ ju èémí lọ.
Ohun tó lẹ̀ mọ́ abẹ kò tó ẹyọ iyọ̀ kan.
Òun ni wọ́n gbé fún mi.

Mo tẹ́ díẹ̀ sórí gíláàsì, mo kán pọ́táàṣì lé e,
mo tẹjú mọ́ maikirosikóòpù.
Òwú tín-ín-rín, ó pẹ̀ka, ó tún pẹ̀ka,
oríkèé-oríkèé bí ọparun.
Ìbátan ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu.

Ìyókù ni mo gbìn sínú àwo,
ìlà títẹ̀ lẹ́yìn ìlà títẹ̀, bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé;
ohunkóhun tó bá hù lẹ́yìn ebè mi,
àlejò inú afẹ́fẹ́ ni, n kò kà á kún.
Èmi ọmọ àgbẹ̀ tó sá fún oko!
Mo wá di ẹni tí ń bọ́ ọ̀tá,
tí ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tètè hù
ká lè mọ orúkọ tí à ń jẹ́ pa á.

Ní ọjọ́ kẹta ó yọ irun funfun.
Èso rẹ̀ rí bí ọkọ̀ ojú omi kéékèèké
tí kò ní atukọ̀.
Fusáríọ́mù, mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ̀kán oògùn kan ní wákàtí kan, tọ̀sán-tòru;
Sudalai ọmọ rẹ̀ kò sùn.
Ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo na ìka méjì.
Ó ní mẹ́ta ni. Ó tún wò ó. Ó ní méjì.
"Kí lo rí nínú ojú mi gan-an?"
"Oko ni, ìyá."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Ṣé ó so dáadáa?"