Irunmú Aláró

Ọdún tí mo pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún,
gbogbo wọn ti hù ní kíláàsì wa, ó ku èmi.
Ṣóṣànyà ní irunmú, bí èèrà tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́.
Olúgbòdé gbé apá sókè láti nu pátákó,
a rí igbó kékeré nínú abíyá rẹ̀,
ó sì fi apá náà sókè pẹ́ ju bó ti yẹ lọ.
Ohùn wọn ti wó,
bí ẹni ń wọ́ bẹ́ǹṣì lórí sìmẹ́ǹtì.
Tèmi ṣì ń dún bí fèrè.

Láti ojú fèrèsé wa, mo máa ń wo Olúmọ:
òkúta lásán, koríko ń hù lára rẹ̀.
Èmi tí mo jẹ ẹ̀kọ mẹ́ta láàárọ̀, n kò ní nǹkan kan.

Wọ́n ní kí n fi òróró àgbọn pa á. Mo fi pa á.
Wọ́n ní ohun tí a bá fá ni í hù.
Mo fi abẹ fá ibi tí kò sí irun,
mo fá afẹ́fẹ́,
mo fi ẹ̀jẹ̀ san owó rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyá mi ti sùn.
Ìkòkò aró wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ìtòkú,
ó ń mí jẹ́jẹ́ lábẹ́ ọmọrí bí ẹni tó yó.
Mo mú ìyẹ́ adìẹ tó fi ń ya alángbá sára aṣọ,
mo rì í bọ aró,
mo ya irunmú sókè ètè mi, ọ̀tún, òsì,
mo fi díẹ̀ kún un ní àgbọ̀n.
Kò hàn nínú òkùnkùn.
Mo tún un yà lẹ́ẹ̀mẹta.

Kò sọ́mọ Ìtòkú tí kò mọ̀ ọ́n, èmi ni mo gbàgbé:
aró kì í pariwo nígbà tó bá ń jáde nínú ìkòkò.
Ewé tútù ló ń jọ.
Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ lórúkọ.

Ilẹ̀ mọ́. Mo wo jígí. Mo ti di aṣọ.

Ọṣẹ dúdú kò ràn án. Kànìnkànìn kò ràn án.
Ọsàn wẹ́wẹ́ ta ojú ọgbẹ́ abẹ, mo sunkún.
Ṣóṣànyà sọ mí ní Bàbá Elélùú,
ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni mo fi jẹ́ ẹ.

Ìyá mi kò nà mí.
Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú mi mú,
ọwọ́ tó dúdú dé ìgbọ̀nwọ́,
ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀,
omi náà kò sì tètè dá nígbà tí ẹ̀rín tán.
"Bàbá rẹ," ló wí, "ọdún tí a ṣègbéyàwó ló kọ́kọ́ fárùngbọ̀n.
Fọ́nrán méje ni. Mo kà á."
Fọ́tò nìkan ni mo mọ̀ ọ́n sí.
Nínú fọ́tò, irùngbọ̀n rẹ̀ kún
bí ẹni tí kò fìgbà kan wá a.
"Òbúkọ ti ń hu tirẹ̀ láti kékeré.
Ta ló ń dọ̀bálẹ̀ fún un?"

Aró ṣí díẹ̀díẹ̀. Mo gbàgbé.

Ọyẹ́ ń fẹ́, mo ń kọjá lórí afárá Láfẹ́ńwá,
nǹkan ń yún mi lábẹ́ àgbọ̀n.
Mo họ ọ́. Kò kúrò.
Ẹyọ kan, kì í ṣe ibi tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́,
ó wọ́ bí ìwọ̀ ẹja.
Èmi tí mo ya irunmú fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ wò,
mo fi ọwọ́ bo èyí
bí ẹni tí eyín ń dùn.

Lálẹ́, mo bá aṣọ ìnujú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ mi.
Abẹ bàbá mi ló wà nínú rẹ̀. Ó ti dípẹtà.
Mo wò ó, mo dì í padà.

"Mélòó?" ni ìyá mi bi mí láàárọ̀,
kò gbójú sókè nídìí ìkòkò.
"Ẹyọ kan," ni mo wí,
ohùn mi sì ya sí méjì lórí *kan*.