Ìdajì Ìwọ̀n

Ní Tampere, ilẹ̀ ti ń ṣú láago mẹ́ta ọ̀sán.
Mo gun àtẹ̀gùn ilé-iṣẹ́ aṣọ tí wọ́n ti pa tì,
yìnyín lórí bàtà mi, orin mẹ́jọ nínú àpò mi,
orin tí èmi àti Sulevi gbà sílẹ̀ nínú gáréèjì bàbá rẹ̀.
Aulikki ṣílẹ̀kùn. Kò kí mi.
Ó ní, "Bọ́ bàtà. Jókòó síbẹ̀ yẹn.
Kì í ṣe ibẹ̀. Àárín gan-an.
Sípíkà méjì àti orí rẹ, igun mẹ́ta:
bí ọ̀kan bá yẹ̀, irọ́ ni gbogbo ohun tí o gbọ́."

Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan.
Etí ni mo fi ń ṣiṣẹ́, etí náà ni mo fi ń jìyà.
A gbọ́ orin ijó, a gbọ́ orin ìsìnkú,
orin obìnrin kan tó ń kọrin bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sínú ife,
ó sì ń bi mí: Ta ló sún mọ́ wa jù?
Ta ló sá pamọ́ sẹ́yìn akọrin yẹn,
kí ló dé tí kò fẹ́ ká rí òun?

Lọ́jọ́ tó wá gbé bọ́tìnì lé mi lọ́wọ́,
mo ṣe bí ọmọdé tó rí ṣúgà.
Mo bu agbára fún ohùn ìsàlẹ̀, mo bu dídán fún tòkè,
mo ti gbogbo orin náà mọ́ àjà, kò ríbi mí.
Ó kún! Ó rinlẹ̀! Mo rò pé mo ti dé.
Aulikki rọra mu kọ́fí rẹ̀ tán.
Ó fà á wálẹ̀, wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́,
títí tó fi bá ti tẹ́lẹ̀ dọ́gba létí,
ó wá gbé méjèèjì síwájú mi, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan.
Àṣé mi ò tún nǹkan kan ṣe.
Ìlù tó ń fò lánàá
ti di ẹni tó ń forí ti ògiri.

"Ìdajì dẹ́síbẹ́ẹ̀lì," ló wí. "Bí iyọ̀.
Bí ẹni tó ń jẹun bá ti ń rántí iyọ̀, ọbẹ̀ ti bà jẹ́."

Ó tẹ nǹkan kan: ọ̀tún àti òsì wọnú ara wọn,
gìtá Sulevi pòórá bí èémí lójú dígí.
Mo fò dìde. Ó ní, "Ẹ gbà á lẹ́ẹ̀mejì, àbí?
Bí ọ̀kan ti ń lọ lèkejì ń bọ̀;
ọ̀nà tóóró ni wọ́n ti pàdé, wọ́n sì pa ara wọn.
Èyí kì í ṣe iṣẹ́ mi.
Gbé e padà fún ẹni tó pò ó pọ̀."
Èmi ni mo pò ó pọ̀.
Ó pẹ́ kí n tó rí okùn bàtà mi so.

Oṣù kejì ọdún ni mo tó padà.
Ó fi àga tó ń dún nínú orin kẹrin sílẹ̀,
ó ní àga náà mọ orin ju Sulevi lọ.
Ó fi ìka ka ìdákẹ́jẹ́ láàárín orin méjì:
ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ó dúró, ó yọ ọ̀kan kúrò.
Nínú orin kẹfà mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìró tíín-ín yẹn ńkọ́?"
Ó ní, "Ìró wo?"
A tún un gbọ́. Ó tún ní, "Ìró wo?"

Lẹ́yìn náà, ó dìde lórí ìjókòó àárín,
ìjókòó ọdún mọ́kànlélógójì,
ó nawọ́ sí i fún mi, ó lọ sí ojú fèrèsé
níbi tí odò Tammerkoski ti ń já lábẹ́ iná,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri kó lè gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀.
"Ṣàpèjúwe rẹ̀ fún mi."
Mo ní ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dà bí abẹ́rẹ́, òkè pátápátá ló wà.
Mo yí bọ́tìnì, ìdajì, mo tún fi ìdajì kún un.
"Ó ti lọ?"
"Ó ti lọ."
"Kò mú nǹkan míì lọ?"

Mo dá orin náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀.