Ẹyẹ Onífìlà Dúdú

Aago méje àárọ̀ Sátidé ni mo ti ibi iṣẹ́ òru dé,
òórùn páálí ṣì wà lára ẹ̀wù mi.
Ìyá wọn ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọsibítù,
ó lẹ ìwé pélébé mọ́ ara fìríìjì:
“Mú wọn jáde. Wọn ò ní pẹ́ wó ilé lé wa lórí.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gba òpópó ẹ̀yìn ilé wa ní Brampton,
èmi, Tẹniọlá ọmọ ọdún méje,
àti Akíntádé, ọmọ ọdún mẹ́rin,
tó wọ bàtà òjò lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀.

Jangilófà mẹ́rin ló wà ní pápá ìṣeré, ọ̀kan ti já.
Èèpo igi wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sílẹ̀ níbẹ̀
kí ọmọ tó bá ṣubú má baà fara pa.
Mo rántí ìṣubú tèmi lábẹ́ igi ọsàn ní Ìfọ́n,
ilẹ̀ tó le koko bí èsì bàbá mi.
Ta ní ń tẹ́ ẹní de ìṣubú ọmọ nígbà náà?

“Bàbá, wò mí!”
“Mo ti wò ọ́.”
“Ojú yín pa dé!”
Kò purọ́. Oorun ti ń wọ́ mi lọ lórí bẹ́ǹṣì.
Bàbá àgbà kan tó wé láwàní búlúù
ń fi ọwọ́ ọ̀tún ti jangilófà ọmọ ọmọ rẹ̀,
ó wá ń fi ọwọ́ òsì ti Akíntádé.
A ò gbọ́ èdè ara wa. A mi orí síra wa.
Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó bu hóró òdòdó oòrùn fún wa,
ó nàka sí igbó.

Ìjọba ló ń ṣọ́ igbó yẹn.
Wọ́n to pákó lé orí àbàtà kí ẹsẹ̀ má baà tutù,
wọ́n kọ orúkọ igi mọ́ igi lára bí ọmọ iléèwé.
Bí mo bá sọ fún ìyá mi lórí fóònù
pé mo mú ọmọ wọ igbó, láìmú àdá, láìwá igi ìdáná,
á ní, “Kí lẹ sọ nù síbẹ̀?”

Tẹniọlá dúró nídìí igi kan tí ewé rẹ̀ ń pọ́n.
“Kí ni Yorùbá ń pe èyí?”
Mo wo igi, igi wò mí.
“Igi-kò-mọ-ilé-wa,” ni mo wí.
Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ bí ẹni pé òótọ́ ni.

Lẹ́yìn náà ló na àtẹ́lẹwọ́, hóró mẹ́fà nínú rẹ̀.
Ọmọ tí kì í jókòó jẹ abọ́ ìrẹsì kan tán
dúró ṣinṣin bí òpó iná.
Àbúrò rẹ̀ na tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ìkúùkù;
a ní kó la ọwọ́, ó ní ẹyẹ á jí i.

Ẹyẹ kan yọ, kò tó ológoṣẹ́,
ó dé fìlà dúdú, ọ̀fun rẹ̀ náà dúdú,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ funfun bí ẹni tó jí ìyẹ̀fun lá.
Ó wo Tẹniọlá. Ó wo ìkúùkù Akíntádé.
Ó fò kọjá, ó bà lé ọwọ́ mi,
ọwọ́ tí mo gbàgbé pé mo là sílẹ̀.
Ó fúyẹ́ ju káàdì tí mo fi ń ṣílẹ̀kùn ibi iṣẹ́ lọ.
Èékánná rẹ̀ di ìka mi mú.
Ó mú hóró kan, fìrì, ó lọ.

Tẹniọlá bú sẹ́kún:
“Èmi ni mo dúró jẹ́ẹ́!”
Òun ni lóòótọ́. Kí ni kí n wí?
A dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá. Ẹyẹ ò padà.

Aago méjì òru, láàárín páálí àti páálí,
mo kíwọ́ bàpò, mo bá hóró kan níbẹ̀.
Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ lábẹ́ iná funfun,
mo dúró bí ọmọ mi ti dúró.
Ọ̀gá yọjú: “Ṣé kò sí?”
Mo ní kò sí.
Páálí mìíràn ti ń bọ̀.