Iyọ̀ Ló Kù

Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ ilé-ìwé yìí máa ń wà lóru,
ní Brandon, ní Manitoba,
níbi tí òtútù ti ń bu ni jẹ létí bí ajá tí wọn ò so.
Mo ń nulẹ̀. Mo ń da pàǹtí nù.
Mo ń fi ọ̀bẹ ha ṣingọ́ọ̀mù kúrò lábẹ́ àga.
N kì í fọwọ́ kan ohun tí wọn ò ní kí n fọwọ́ kàn.

Lóṣù Èrèlé, àjọ tó ń rán èèyàn lọ sí gbalasa òfurufú
fi àpò ìwé méjì ránṣẹ́ sí kíláàsì Mísíìsì Sigurdson.
Hóró tòmátì ló wà nínú wọn.
Ọ̀kan ti yí ayé po fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún,
níbi tí òkè kì í ti í ṣe òkè, tí ìsàlẹ̀ ò sí;
èkejì kò kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹnì kan ní Ottawa.
Wọn ò sọ èwo ni èwo.
F ni wọ́n kọ sára ọ̀kan, K sára èkejì.
Ẹ gbìn wọ́n, wọ́n ní, ẹ wọ̀n wọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀,
tó bá dópin, a ó tú àṣírí.

Yesenia Portillo ló ń fi rúlà wọ̀n wọ́n,
ọmọ ọdún méjìlá, tí bàbá rẹ̀ ń gé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀yìn ìlú.
Ó lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn:
Ọ̀gbẹ́ni Ladejobi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.
Kò fi àmì kankan sórí orúkọ mi. Mo dárí jì í.

Ó wá di òru ọjọ́ Àìkú kan, ìjì yìnyín dé.
Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná dákẹ́
bí arúgbó tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.
Mo pe ọ̀gá, kò gbé e.
Omi inú garawa mi ti ń dì létí.
Mo dúró níwájú ìwé ọmọ náà, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Ẹ má fọwọ́ kàn án.
Ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ Ìgbájọ ni mí,
ta ló máa kọ́wọ́ lẹ́rán wo èhù kó kú?
Mo kó àwo wọn ní méjì méjì lọ sí yàrá tí mo ti ń jẹun,
mo tan híítà, mo bọ́ kóòtù mi bò wọ́n,
mo jókòó tì wọ́n, mo ń bá wọn sọ̀rọ̀
lédè tí ẹnikẹ́ni ò sọ sí wọn rí, lókè tàbí nílẹ̀.

Ìgbà tí mo ń kó wọn padà ni mo rí i:
lẹ́tà tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ ti ré bọ́ látinú ooru,
ó fọ́n ká ilẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja.
Kò sẹ́ni tó mọ èyí tó rìnrìn àjò mọ́.

Mo jẹ́wọ́. Mísíìsì Sigurdson jókòó, kò fọhùn.
Yesenia wo èhù, ó wò mí,
ó mú rúlà rẹ̀, ó ń wọ̀n lọ.
Nígbà tí wọ́n kọ̀wé sí àjọ náà, èsì tó dé kò gùn:
Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ.
Ọmọ náà sì kọ ọ́, níwájú gbogbo àwo:
Òtútù. Kóòtù. Ọ̀gbẹ́ni Ládéjọbí.
Àmì pé lórí rẹ̀. N kò mọ ẹni tó kọ́ ọ.

Lóṣù Òkúdù ó bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa
pẹ̀lú tòmátì kan tí kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ.
Ó ní, ṣé èyí tó lọ ni, àbí èyí tó dúró?
Mo gé e jẹ.
Ọdún mẹ́tàdínlógún rè é tí mo ti kúrò nílé.
Mo jẹ ẹ́ tán, mo fẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu,
mo ní, iyọ̀ ló kù.