Dúródèmí

Inú páálí bisikíìtì ni wọ́n gbé e fún mi
lọ́jọ́ tí òjò sọ òpópónà Oko Bàbá di ọ̀sà kejì.
Ajá tí kò ju bàtà ẹsẹ̀ mi lọ,
tó ń gbọ̀n bí ewé kókò tí ẹ̀kán òjò bà lé.
Mo sọ ọ́ ní Dúródèmí,
torí bí mo bá ti wọ ilé ìwẹ̀ báyìí,
ẹkún ni, bí ẹni pé mo bá rélùwéè lọ sí Kánò.

Àwọn ajá onípákó ń bẹ lẹ́bàá ọ̀sà,
mẹ́rin, márùn-ún, orí ìyẹ̀fun pákó ni ibùsùn wọn.
Bí ọ̀kan bá sín lásán,
Dúródèmí á ká ìrù sábẹ́ ikùn,
á tọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀,
á wá máa wo ojú mi
bí ọmọ tó fọ́ àwo, tó ń retí ìyá rẹ̀.

Àṣìṣe tèmi rèé: gbígbé ni mò ń gbé e.
Mo fi àyà mi ṣe ilé fún un,
mo ní, "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi, wọn ò ní jẹ ọ́."
Olúgbódi onípákó rí mi, ó rẹ́rìn-ín.
Ìka mẹ́fà ló bá wá sáyé lọ́wọ́ ọ̀tún,
ẹ̀rọ ayùn gba ọ̀kan, ó wá ku márùn-ún,
bíi tèmi, bíi tìrẹ.
Ó ní, "Màmá, ẹrù lẹ sọ ajá yìí dà.
Ẹrù tí à ń gbé káàkiri,
báwo ni ẹ̀rù yóò ṣe kúrò lára rẹ̀?
Ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ tirẹ̀ tẹlẹ̀."

Òkèèrè la ti bẹ̀rẹ̀.
Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, etí kòtò la jókòó sí,
níbi tí àwọn ajá ti kéré lójú bí ìkamùdù.
Ó wò wọ́n. Mo já ẹja ṣáwá díẹ̀ fún un.
Ó tún wò wọ́n. Ṣáwá.
Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí a tó dé ìdí jẹnẹrétọ̀.
N kò fa okùn. Bó bá dúró, mo dúró.
Bó bá yí padà, ilé yá.
Àwọn èèyàn ń bi mí pé kí ni mò ń wò.
Mo ní ọ̀sà.

Tọ́rọ́ ni Olúgbódi kọ́kọ́ mú wá,
abo ajá arúgbó, etí kan ti ya,
ẹni tí ìjà ti sú tipẹ́.
A kò jẹ́ kí wọ́n kojú síra.
À ń rìn lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wa, àwa níhìn-ín, àwọn lọ́hùn-ún,
bí àna méjì tí ọ̀rọ̀ ò tíì tán láàárín wọn.
Kí a tó dé èbúté,
Dúródèmí na imú, ó gbóòórùn ìdí Tọ́rọ́,
ó fò sẹ́yìn bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná.
Tọ́rọ́ kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.
Ó tún na imú.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, kò gún régé.
Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Bíńgò ilé onígéètì dúdú
gbó lójijì láti abẹ́ irin.
Ọmọ mi sá wọ abẹ́ tábìlì oníbúrẹ́dì,
ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi fẹ́ rí ìta.
A padà sétí kòtò. Ṣáwá. Ọ̀sà.

Lánàá, oòrùn ń wọ̀, ayùn ti dákẹ́,
Tọ́rọ́ nà gbalaja sórí ìyẹ̀fun pákó,
ọmọ ajá méjì kan ń fa àkísà mọ́ra wọn lẹ́nu.
Dúródèmí dúró. Ó wò mí.
Mo gbójú sí ọ̀sà bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí,
okùn sì bọ́, bí ẹni pé ọwọ́ mi kọ́ ló tú u.
Ó tẹ àyà mọ́lẹ̀, ó gbé ìdí sókè,
ìrù rẹ̀, tí mo ti rò pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn ni,
ń fẹ́ atẹ́gùn fún gbogbo Oko Bàbá.
Wọ́n sáré. Ó ṣubú. Ó dìde. Ó gbó,
gbígbó àkọ́kọ́, ohùn tín-ín-rín
bíi ti ilẹ̀kùn tó nílò òróró.

Ilẹ̀ ń ṣú. Ẹ̀fọn ti dé.
Mo pè é: Dúródèmí!
Kò wẹ̀yìn.
Mo tún pè é,
mo sì gbọ́ ohun tí mò ń wí.