Ta Ni Omi Kàn Lónìí?

Ọdún mọ́kàndínlógún ni kọ́kọ́rọ́ fi rọ̀ lọ́rùn Akíngbàsọ,
kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn omi, tó ti dógùn-ún.
Ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, koríko ti bò ó.
Àwọn ọmọdé abà wa rò pé oògùn ni.
“Ìjọba ló fi lé mi lọ́wọ́,” ni bàbá máa ń wí,
“ìjọba ò sì tíì wá gbà á.”

Èmi ò kọ́ṣẹ́ èédú lọ́wọ́ ẹnì kankan.
Ẹ̀ẹ̀rùn ló kọ́ mi.
Nígbà tí ọ̀nà omi láti odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ dí,
tí ata ń kú lórí ebè,
tí kòkó bàbá mi darúgbó, tó ń dúdú lórí igi,
mo mú àdá, mo wọ igbó.
Mo gé àyín, mo gé èyí tí n ò mọ orúkọ rẹ̀,
mo tò ó, mo fi yẹ̀pẹ̀ bò ó, mo tiná bọ̀ ọ́,
mo sùn tì í bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn.
Bí èéfín bá funfun, kò tíì jinná;
bó bá dà bí aṣọ aró tó ti ṣá, ẹ sáré pa á.
Ọ̀kadà á gbé àpò lọ sí Àkúrẹ́,
Mọrádékẹ́ á máa wúkọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.
Wọ́n ní omi téèyàn máa mu kò ní í ṣàn kọjá rẹ̀.
Tiwa ò tilẹ̀ ṣàn.

Bọ́dúnrìn ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ní ìpàdé tí a torí òkú ewúrẹ́ pè:
“Kí la fẹ́ sun lọ́dún tó ń bọ̀? Ara wa?”
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.
Lọ́jọ́ kejì a rí i nínú kòtò, òun nìkan,
pẹ̀lú ṣọ́bìrì tí ọwọ́ rẹ̀ ti kán.
Lọ́jọ́ kẹta, a di mẹ́rin.
Nígbà tí ọyẹ́ fi dé, a ti di méjìlélọ́gbọ̀n,
àwọn kan ń ru ẹrẹ̀, àwọn kan ń gé gbòǹgbò.
Ibi mẹ́ta ni ilẹ̀ ti rì; ibẹ̀ la rọ sìmẹ́ńtì sí,
àpò mọ́kànlá, mẹ́fà nínú rẹ̀ jẹ́ gbèsè.
Kòtò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ohun tó ti gbé mì:
sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì, ìkarahun ìgbín, agolo mílíìkì,
àti ojú ọkọ́ kan tí wọ́n fín ìlà mẹ́ta sí.
Mo mọ ìlà mẹ́ta yẹn.
Mo tì í bọ àpò, n ò fi han ẹnikẹ́ni.

Lówùúrọ̀ tí a fẹ́ ṣílẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ kọ̀, kò yí.
Akíngbàsọ ta epo pupa sí i, ó bẹ̀ ẹ́, ó bú u,
ó fi etí ẹ̀wù nu ojú.
Bọ́dúnrìn fi òòlù fọ́ àgádágodo náà. Ẹ̀ẹ̀mejì péré.
Bàbá so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà mọ́ ọrùn.

Omi ò sáré. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín.
Ó wá bí àlejò tí kò dá ilé mọ̀,
ó ń ti ewé gbígbẹ níwájú,
ó dúró níbi tí ilẹ̀ ti rì, ó ronú,
lẹ́yìn náà ó kọjá.

Ẹ̀ẹ̀rùn yìí, tòmátì wà, ilá wà.
Mọrádékẹ́ gbẹ́ kòtò ẹja àrọ̀ sẹ́yìn ilé, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀.
Ìjà náà wà: àwọn ará ìsàlẹ̀ ní àwọn tòkè ń mu ún tán.
N ò ní sọ pé owó ti dé. Gbèsè sìmẹ́ńtì ṣì ku àpò méjì.
Ikọ́ ló dín.

Èédú tó kẹ́yìn, n ò tà á.
Òun la fi ń kọ orúkọ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì,
ẹni tómi kàn lọ́jọ́ Ajé, ẹni tó kàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun;
alaalẹ́ la ń fi aṣọ tútù nu ún, tí a ń tún un kọ.
Lónìí, lábẹ́ orúkọ Bọ́dúnrìn, tèmi ni.
Mo ti fi ẹrúkọ́ tuntun sí ọkọ́ onílà mẹ́ta.
Mo ń lọ ṣí ẹnu ebè.